Ilẹ̀kùn Tí Oyèkúnlé Dí

Bí ògiri ilé alámọ̀ kan bá lanu ní agbègbè Ìjàyè, Oyèkúnlé bíríkìlà ni wọn yóò ránṣẹ́ pè. Yóò fọwọ́ pa ògiri náà lára, yóò ní, "Fèrèsé wà níbí rí." Ẹnu á ya onílé, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ohun tó mọ̀ ni pé ibi tí a bá dí lára ilé kì í gbàgbé. Bí a rẹ́ ẹ nígbà ogún, yóò tún là.

Ti ilé tirẹ̀ nìkan ni kì í fẹ́ gbọ́. Ọdún kọkànlá rèé tóun àti Láyí, àbúrò rẹ̀, ti jà lórí oko baba wọn, tó sì fi bíríkì dí ilẹ̀kùn tó so ìyẹ̀wù àwọn méjèèjì pọ̀. Wọ́n ń gbé ilé kan náà, wọn kì í kí ara wọn. Bí òjò bá ti dé, ògiri náà á là, Oyèkúnlé á tún un rẹ́, á ní sìmẹ́ńtì ayé ìsinsìnyí ò dáa. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Òkè ni bíríkìlà wa ń wò.

Lọ́jọ́ kan, Ọmọ́tọ́lá ọmọ rẹ̀, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ní yunifásítì, gbé kọ̀ǹpútà wálé. Fíìmù ilé abàmì kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Gọ́tíìkì, ló fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lé lórí. Bàbá àti ọmọ jókòó wò ó. Obìnrin inú fíìmù náà ń gbọ́ tí nǹkan ń dún gbà-gbà-gbà lára ògiri kan tí kò ní ilẹ̀kùn.

"Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ rí," Oyèkúnlé wí, kí fíìmù tó fi hàn.

"Háà! Bàbá, ta ló sọ fún yín? Ohun tí tíọ́rì inú ìwé òkè òkun tí mò ń lò wí gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ilé inú irú ìtàn yìí, ọkàn onílé ni. Ohun tí onílé bá rì mọ́lẹ̀ nínú ara rẹ̀ ló ń padà wá dẹ́rù bà á. Iwin kọ́."

"Àwọn tó kọ ìwé yẹn, ṣé bíríkìlà ni wọ́n?"

"Rárá o. Wọn ò fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì rí."

Oyèkúnlé yíjú wo ògiri tóun fúnra rẹ̀ dí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ka ògiri onílé. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí wá jókòó sí òkè òkun, wọ́n ka tirẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tó ní ọ̀wọ̀ nínú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú òòlù. Ó fọ́ bíríkì kan, ó fọ́ èkejì. Ó rò pé ìyẹ̀wù Láyí lòun yóò rí, ṣùgbọ́n pákó ló kàn. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ni. Láyí ò yọ ọ́ kúrò láti ọjọ́ yìí wá, ó kàn pa á dé ni. Gírísì tútù tí Láyí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i wà lára irin tó fi kọ́.

Oyèkúnlé tó kọ́lé fún gbogbo ìlú ò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."



"Ẹ wọlé, bọ̀ọ̀dá mi," Láyí dáhùn. "N ò fi kọ́kọ́rọ́ sí i rí."