Ìgbàgbé Tí Kì Í Ṣe Àṣìkọ

Bíìrò Pupa làwa olùkọ́ máa ń pe Màmá, àgbà wa, lẹ́yìn, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa bí a ṣe ń kọ àròkọ. Tábìlì òun àti tèmi ló kọjú síra nínú yàrá àwọn olùkọ́. Bíbélì lèmi ń kọ́ wọn, òun náà ló sì sọ mí ní Pásítọ̀ Kékeré.

Páálí kan wà lára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: kókó ọ̀rọ̀, máàkì mẹ́wàá, ètò, mẹ́wàá, ìlò èdè, ogún, àkọtọ́ àti àmì ohùn, mẹ́wàá. Àṣìkọ kọ̀ọ̀kan, ìdajì máàkì. Ẹni tí kò bá gba ọgbọ̀n nínú àádọ́ta kò ní wọ kíláàsì àwọn òǹkọ̀wé. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọ̀gá àgbà pàápàá gba méjìdínlógún rí. Olùkọ́ ìṣirò máa ń sọ pé bí wọ́n bá fi Màmá sẹ́nu ọ̀nà ọ̀run, àwọn áńgẹ́lì á kọ́kọ́ lọ tún orin wọn kọ. Màmá á dá a lóhùn pé kí ẹni tó ń kọ "òórùn ń ràn" má dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn páálí yẹn. Ẹni tó bá ṣe dáadáa mọ ohun tó máa gbà. Àdúrà ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀kan tí mo gbà fún ọdún mẹ́rin kí n tó rọra gbé e tì. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ pé Ọlọ́run ń gbọ́, àmọ́ mi ò mẹ́nu ba ọ̀kan yẹn mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lákòókò ìsinmi, ọmọbìnrin kan wọlé tọ Màmá wá. Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ètè. Àròkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Máàkì kan péré ló fi bọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ló kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì kọ ọ́ pé ìyá náà ń fi ìgbàgbé gbàdúrà. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni Màmá fagi lé e, tó kọ "ìgbàgbọ́" sókè rẹ̀.

Ọmọ náà ní òun ò wá bẹ̀bẹ̀ o, òun kàn fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àṣìkọ.

"Ìgbàgbọ́ la fi ń gbàdúrà, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Ta ló ń fi ìgbàgbé gbàdúrà?"

"Ìyá àgbà ni, mà."

Ó wá ṣàlàyé, gbogbo wa sì ní láti tẹ́tí. Iyè ìyá àgbà ti rà. Bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ ọmọ ìyá yìí, rìnrìn àjò, ọdún kẹfà nìyí tí wọn ò gbúròó rẹ̀. Láràárọ̀ ni ìyá ń bẹ Ọlọ́run kó dá a padà. Kò sì pẹ́ tí á fi gbàgbé pé òun ti bẹ̀ ẹ́, á tún kúnlẹ̀.

"Àwa tá a rántí, mà," ni ọmọ náà wí, "a ti dákẹ́."

Olùkọ́ ìṣirò gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Màmá ní ọ̀rọ̀ náà dáa, àmọ́ ẹni tó ń kàwé ò lè tẹ̀ lé òǹkọ̀wé délé lọ bi í. Ohun tó bá wà lórí bébà lòun ń máàkì. Ọmọ náà ò jiyàn. Ó kàn fi ìka sí ìlà tó tẹ̀ lé èyí tí Màmá kọ́kọ́ fagi lé. Màmá wọ awò ojú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ ketekete: "Bó bá ti ṣe àmín tán, á tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ rí."

Màmá tún ìlà náà kà. "Bíìrò mi ló sáré ju ojú mi lọ," ló sọ.

Òfin wa ni pé ẹlòmíì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí máàkì tí a bá yí padà, ló bá ti ìwé náà sí mi. Mo kà á. Ó pẹ́ kí n tó fọwọ́ sí i, torí ojú mi ò tètè kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdajì lọ́nà mẹ́ta: ó di ọgbọ̀n àti ààbọ̀. Ojú ọmọ náà là.

"Dúró ná," ni Màmá wí. Ó ti rí "ọna" kan nísàlẹ̀ tí kò lámì, tí òun fúnra rẹ̀ ò rí tẹ́lẹ̀. Ó yọ ìdajì. Ó ku ọgbọ̀n géérégé. "Wàá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mú ìwé atúmọ̀ èdè dání."

Olùkọ́ ìṣirò ní bí Màmá bá fún èèyàn lẹ́ran, á tún gba egungun padà. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Wúyẹ́wúyẹ́ dáadáa: "Ẹ ṣé, mà" rẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí a dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìlà tuntun kan ti wà nísàlẹ̀ páálí, pẹ̀lú bíìrò pupa: "Olùkọ́, ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e."

Mi ò mọ̀ bóyá bàbá ọmọ yẹn máa padà, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo tún gba àdúrà mi àtijọ́ yẹn, mo sì sapá láti gbàgbé pé mo ti gbà á rí.