Àdúrà Tó Yí Tọ́bò

Òórùn epo ẹ́ńjìnnì àti ti tùràrí ni mo fi ń rántí ọdún tí mo jáde ní yunifásítì tí iṣẹ́ ò sì tètè yá. Mọ́tò tòkunbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ lójú títì Badagry nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ẹ̀gbọ́n mi, nítòsí Ìyànà Ìbà, ni mo máa ń jókòó sí láràárọ̀, tí mo ń bá àwọn oníbàárà jiyàn. Bí ẹnìkan bá ní mọ́tò òun kì í jẹ epo, màá bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí ní Lọ́yà.

Bàbá Onílẹ̀ ló ni ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Okokomaiko, wọn kì í sì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Tọ́bò mọ́tò wọn, irin roboto tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, bà jẹ́, wọ́n sì fúnra wọn lọ ra òmíràn. Nígbà tí a gbé e sípò, ihò iwájú tó yẹ kó kọjú sí họ́ọ̀sì atẹ́gùn, bátìrì ló ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀rù irin. Wọ́n yí iwájú tọ́bò àti àárín rẹ̀ pọ̀, títí ihò fi bá họ́ọ̀sì pàdé. Àárín yìí ni epo ẹ́ńjìnnì ń gbà, ibi tí epo ti ń ṣàn jáde sì gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀. Ó ti wá kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣíná mọ́tò, èéfín bolẹ̀. Nígbà tó ká, Bàbá Onílẹ̀ la rí lẹ́yìn mọ́tò, epo ti ta sí sùtánà wọn tótòtó.

"Ṣé ẹja ni mo jọ lójú yín, tí ẹ fi ń yan mí?"

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ má bínú."

"N ò bínú. Bí mọ́tò yìí ò bá gbé mi dé ìsìn lọ́la, ẹ kó irin yín kúrò lórí ilẹ̀ mi."

Síbẹ̀, wọ́n tan tùràrí, wọ́n wọ́n omi sórí tọ́bò náà, wọ́n sì ké mọ́ ọn: "Ìwọ tó kọjú síbi tí kò yẹ, yí padà!" Wọ́n bá lọ pààrọ̀ aṣọ.

Mo rìn yí ẹ́ńjìnnì náà ká. "Ẹ̀gbọ́n, tí a bá dá àárín padà, ká wá tú nọ́ọ̀tì iwájú, ká yí iwájú nìkan ńkọ́?"

Wọ́n mú sípánà. "Lọ́yà, o ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?"

"Ẹ̀rí ò tíì pé ni."

A tú nọ́ọ̀tì, iwájú sì yí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìdérí ìkòkò. Mọ́tò jí, kò rú èéfín kankan. Bàbá Onílẹ̀ padà dé, wọ́n yọjú wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó! Ó ti yí! Ó gbọ́ ohùn mi!"

"Bàbá, nọ́ọ̀tì la…"

Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù lódindi ni ì bá bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fa ẹsẹ̀ wọn yọ.

"…Nọ́ọ̀tì la tún dè le, Bàbá, kó má baà yí padà sí bátìrì."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi."

Bàbá jẹ́rìí nínú ìsìn. Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ ìjọ ti ń gbé mọ́tò wá. Bàbá á gbàdúrà sí i, wọ́n á ní, "Ẹ gbé e lọ bá àwọn ọmọ mi, kí wọ́n bá yín dè é." A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kíkó irin kúrò mọ́.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ṣì máa ń gbé ẹ̀rí náà yẹ̀ wò. Bàbá gbàdúrà, òótọ́ ni. Tọ́bò yí, òótọ́ ni. Èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, títí dòní, kò sẹ́ni tó bi Lọ́yà.