Díìṣì tèmi, oríkì ti àbúrò mi

Lónìí, màmá mi ki àbúrò mi ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá lórí díìṣì tẹlifíṣọ̀n tí èmi fowó ara mi rà fún Màmá!

Ìmọ̀ oòrùn ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó wálé sí Ìsìkàn, ó yí díìṣì Màmá kọjú sí oòrùn, ó wá so mẹ́tà tí mo fi ń wá sìgínà fáwọn oníbàárà mi mọ́ ọn. Mẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í hó: ṣììì.

"Màmá, bíi rédíò la ṣe ń gbọ́ ọ. Ohùn oòrùn nìyẹn."

Mo ní, "Kí ló wá ń sọ?"

"Kò bínú lónìí, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà tó bá rọra ń hó báyìí gan-an la fẹ́ mọ̀ ọ́n, ká lè dá a mọ̀ nígbà tó bá bínú."

Ẹ gbọ́ o! Èmi tí mi ò parí pámárì, gbogbo àdúgbò Arákàlẹ́ ló mọ díìṣì tí mò ń so. Nínú ọ̀wọ́n gógó yìí, ta ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ Màmá?

Màmá ti ń sunkún ayọ̀. "Ọmọ mi ń gbóhùn oòrùn ní ulé mi!" Ni oríkì bá bẹ̀rẹ̀, aládùúgbò jáde.

Mo yí díìṣì padà kíá, mo tan sinimá tí wọ́n fẹ́ràn. Wọn ò wò ó.

Màmá ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi dá oòrùn padà."

Mo dá a padà. Mo sì jókòó tì wọ́n, à ń gbọ́ ṣììì.

Ẹ̀yin àkọ́bí, ṣé wọ́n ń ki ẹ̀yin náà nílé?