Ìka Baba Àgbà

Lẹ́yìn tí baba àgbà wa kú ni wọ́n bí bọ̀dá mi, orúkọ ẹni tó padà wá ni wọ́n sì sọ ọ́. Kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta fúnra wọn, bí ẹni ń tẹ dùùrù tí kò sí níwájú rẹ̀. Inú ìyá wa dùn sí i.

"Bí baba ọkọ mi ṣe máa ń ta ìka gẹ́lẹ́ nìyẹn," ló máa ń sọ fún àwọn tá a jọ ń gbé ilé ní Ẹgbẹ́dá. "Ṣé ẹ ti wá gbà báyìí pé baba ló padà wá?"

Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Baba tó bí wa náà ta ìka. Lẹ́yìn ìka, ó kan èjìká, ó kan ẹsẹ̀, títí tó fi ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn èèyàn ní ibùdókọ̀ Pleasure ń pè é ní ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ ọtí ò kan ẹnu rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Lójú sàréè, ìyá wa ní kó má pẹ́, kó tètè padà wá yà lọ́dọ̀ wa. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí ìyàwó bọ̀dá mi lóyún.

Fọ́tò yíyà ni iṣẹ́ mi. Láti ìgbà àìsàn baba wa ni mo ti ń ra ìwé ìṣègùn àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé sílẹ̀ ní Ìkọ̀tún, mo sì ń kà wọ́n bí ẹlòmíì ṣe ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni mo ti rí àrùn kan tó ń jẹ ọpọlọ, tí òbí tó ní in lè fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdajì sí ìdajì ni: ó lè kan ọmọ, ó lè yọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún kà pé ẹ̀rọ kan wà tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ láì la orí. Mo ní kí bọ̀dá mi jẹ́ ká lọ yà á.

"Ìwọ ti mọ̀, àbí?" ló dá mi lóhùn. "Fọ́tò rẹ̀ lo kàn fẹ́ rí, ìwọ onífọ́tò."

Ó wo ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dáa. Kí obìnrin yìí tó bímọ, mo fẹ́ mọ ohun tí mo fi lé ọmọ lọ́wọ́."

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi bẹ́líìtì de orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé bó bá mì, àwòrán á bàjẹ́. Wọ́n yà á tán, wọ́n tún un yà. Dókítà, obìnrin kan tó ń rọra sọ̀rọ̀, fi fíìmù náà kọ́ sára gíláàsì oníná. Ọpọlọ bọ̀dá mi hàn níbẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí iṣu tí wọ́n gé fún dídín. Yàrá omi méjì wà láàárín ọpọlọ, wọ́n dúdú lójú fíìmù, wọ́n tẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá. Ó yẹ kí ìṣù ẹran kan yọ ikùn sínú yàrá kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Nínú ti bọ̀dá mi, ikùn yẹn ò sí mọ́. Ògiri yàrá náà gún gbọọrọ bí ti páálí ìṣáná. Mo ti kà nípa bí wọ́n ṣe ń wọn ibẹ̀, mo bá yọ rúlà.

"Ẹ fi rúlà yẹn sápò, sà," ni dókítà wí. "Ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n ti lọ."

Mo bi í léèrè pé tèmi ńkọ́.

"Àwòrán tiyín lè mọ́ lónìí, kó má sì túmọ̀ sí pé ẹ ti bọ́. Ìgbà tí ẹran yẹn bá ti súnkì ni ẹ̀rọ yìí tó máa rí i. Lókè òkun, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa rí i kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sílé, àpòòwé fíìmù wà lórí itan bọ̀dá mi.

"Tó bá jẹ́ ọkùnrin, Màmá ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórúkọ Bàbá."

"Bọ̀dá mi, orúkọ kọ́ ló ń gbé àrùn yìí. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà."

"Mo gbọ́. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n máa wo ìka ọmọ mi, kí wọ́n máa yọ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún ìyá wa. Ìyá gbé fíìmù náà sókè níbi fèrèsé, ó wò ó títí.

"Ṣé bí ti baba yín náà ìbá ṣe rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó dá a padà sínú àpòòwé.

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Lọ́jọ́ kẹjọ, nígbà tí abọ́ omi dé iwájú ìyá wa, ó sọ owó sínú rẹ̀, ó sì pe orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ rí nínú ìdílé wa. Àbúrò baba wa, tó ti wá láti Ìjẹ̀gùn, yíjú wò ó.

"Ìyàwó wa, ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Mi ò gbàgbé," ni ìyá wa wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi níbi tó wà."

Àbúrò baba wa rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ owó tirẹ̀ sínú abọ́, ó sì pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ketekete. Gbogbo yàrá dáhùn. Bọ̀dá mi ò gbójú sókè. Ó ti jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Nílé wa, a kì í pe orúkọ yẹn. Àmọ́ òun nìkan ni àwọn ará Ìjẹ̀gùn mọ̀. Ọmọ náà ò tíì lè dìde dúró tí wọ́n ti ń gbé ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò.