Àmín Tí A Ṣe Fún Ọ̀nà

Ilé ìyá mi wà létí títì tó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, nínú ìlú kékeré kan tí awakọ̀ tó bá ń sáré kì í mọ̀ pé òun ti kọjá. Ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé. Bàbá mi ló fi owó ẹja kọ́ ọ, ìyá mi ló sì pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀. Bàbá ti kú tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ ilé náà la sin ín sí. Ìyá mi nìkan ló kù síbẹ̀, ó ń yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń tà á létí títì, kò sì béèrè ohun mìíràn láyé ju kí òun kú sínú ilé náà, kí wọ́n sin òun ti ọkọ òun. Tí mo bá ní kó wá bá mi gbé ní Ìkòròdú, níbi tí mo ti ń ránṣọ, á ní òun ò lè gbé inú ilé tí ẹlòmíì á ti máa rìn lórí òun.

Kí n má parọ́, títì náà kò dáa. Èmi tí mo ń gbà á ni kí ẹ bi. Tírélà tó ń kó ẹrù bọ̀ láti ìpínlẹ̀ kejì, ọlọ́kadà, oníkẹ̀kẹ́ màrúwá, alágbàtà ẹja, ọmọ ilé-ìwé, gbogbo wọn ló ń du ojú kan náà. Mọ́tò ti gbá ọmọ àdúgbò wa rí. Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba ń rán àwọn tó ń gbèrò ọ̀nà bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀, inú mi dùn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọkọ̀ lọ sílé, mo tilẹ̀ wọ aṣọ tí mi ò tíì wọ̀ rí. Ẹ wá wo òpè.

Inú kíláàsì kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti pàdé wọn. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, ọmọ Yorùbá ni, kò lè ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ìkúnlẹ̀ tó délẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi orúnkún mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ta àwòrán ńlá kan sára pátákó. Ó ní ètò tí àwọn mú wá kì í ṣe ti ọdún kan méjì, ti ogún ọdún ni. Títì máa fẹ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá máa ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, bí èyí tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Èkó. Reluwé máa gba àárín. Èbúté tuntun máa wà létí ọ̀sà, kí ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìjẹdẹ̀ láì rìn jìnnà. Ẹlẹ́sẹ̀ máa ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tó ń gun básíkùlù máa ní tirẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi béèrè lábẹ́lẹ̀ pé ta ló ń gun básíkùlù.

Mo sún mọ́ àwòrán náà. Mo wá mọ́sáláṣí wa, mo rí i. Mo wá ilé-ìwé tí a wà nínú rẹ̀, mo rí i. Mo wá ilé ìyá mi. Igi ni wọ́n yà síbẹ̀, igi tútù mẹ́ta, àti bẹ́ǹṣì kan tí ọkùnrin kan jókòó lé, ó ń ka ìwé ìròyìn. Aránṣọ ni mí. Ibi tí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì fà lára aṣọ, ibẹ̀ náà ni àlùmọ́gàjí ń gbà.

Mo fẹ́ dìde, ìyá mi fa ìró mi. Ó ní àlejò la gbà, ó ní bàbá ṣì wà níjòókòó. Bàbá tó ń wí ni olórí àwọn àgbà ìlú, arúgbó tó mọ gbogbo wa láti inú oyún. Mo jókòó. Mo mọ ohun tí ìyá mi ń sọ, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í kọ̀ fún àlejò lójú nínú ilé ara wa. Tí èèyàn bá wá tọrọ ohun tí a ò ní í fún un, a máa fún un lómi, a máa gbọ́ ọ tán, a máa ṣàdúrà fún un kó délé láyọ̀. Ìgbà tó bá lọ tán la máa tó jókòó. A ó wá rán àgbà méjì tẹ̀ lé e lọ sílé tirẹ̀. Àwọn náà á jókòó, wọ́n á mu omi rẹ̀, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n tó wá rọra sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá fẹ́ èmi gan-an, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Títí dòní, tó bá rí mi ní ọjà Ìkòròdú, ó ń béèrè àlàáfíà ìyá mi.

Obìnrin náà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gbogbo wa dákẹ́. Bàbá wá dìde. Ó kí wọn kú ìrìn, ó ní ìlú ti gbọ́. Ó ní kí Ọlọ́run fún wọn ní ẹ̀mí gígùn, kí ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yọrí sí rere. Àmín. Kí ojú má tì wọ́n nídìí iṣẹ́ náà. Àmín. Àwọn tó ń kọjá lójú títì gbọ́ àmín wa. Èmi náà ṣe é, ètè mi ló ṣe é. Ìyá mi wé ẹja yíyan fún wọn, àwọn ńlá tó fi pamọ́ fún oníbàárà Ẹ̀pẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìlú jókòó. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ṣe títì. Ohun tí a fẹ́ ni kí wọ́n fa ìlà náà sún díẹ̀, kó kúrò lórí ilé àwa tí a wà lápá ọ̀sà. Wọ́n yan bàbá àti àgbà kan sí i, wọ́n ní kí èmi tẹ̀ lé wọn torí èmi ni mo mọ Èkó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Ìkòròdú, a lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gbèrò ọ̀nà.

Obìnrin náà gbà wá dáadáa. Ó fún wa ní omi inú ike, bàbá mu ún, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó ṣe yẹ. Mo rí i bí ojú obìnrin náà ṣe ń yí padà.

Ó ní, "Bàbá, gbogbo ìlú ló ṣàdúrà fún wa lọ́jọ́ náà, gbogbo ìlú ló ṣe àmín. A ti sọ fún àwọn ọ̀gá pé ẹ fara mọ́ ọn."

Bàbá gbé ike omi rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí n ṣépè fún àlejò ni?"

Obìnrin náà ń yí ìdérí ike omi náà lọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní kí a má bínú, pé ìpele yẹn ti kọjá, àfi tó bá di ọdún díẹ̀ sí i tí wọ́n bá tún ètò náà gbé yẹ̀ wò. Inú bí mi gidi. Ká ní òyìnbó ló ṣe é, mi ò ní bínú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ mọ ohun tí àmín jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì kọ ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a bọ́ síta.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri iwájú ilé ìyá mi. Wọ́n ní kó má fòyà, pé kò tíì kàn án. Wọ́n kàn ní kó má kọ́ nǹkan kan mọ́, kó má sì tún nǹkan kan ṣe. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àfi ìgbà tí òjò dé. Ìjì ṣí páànù méjì lórí yàrá ẹ̀yìn. Mo mú káfíńtà lọ láti Ìkòròdú. Kò tíì kan ìṣó mẹ́wàá tí àwọn ọkùnrin ìjọba fi dé, wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé àkàbà rẹ̀ sínú mọ́tò. Mo bú wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n bú, mo kan bàbá wọn, mo kan ìyá wọn. Ọ̀gá wọn kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ń fi sùúrù ṣàlàyé pé àánú ìyá mi ló ń ṣe àwọn, torí ẹni tó bá nawó sí ilé tí wọ́n máa wó, owó rẹ̀ ti bómi lọ. Ìyá mi béèrè ìgbà tí wọ́n máa wó o. Ó ní ó lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá mi ní, "Kó tó dìgbà náà, níbo ni kí n máa sùn?"

Ọkùnrin náà ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ka tiwọn.

A fi tapólì bo ibẹ̀. Òjò ọdún náà gba abẹ́ tapólì wọlé, ó rin amọ̀ tí bàbá mi mọ. Ògiri ẹ̀yìn kọ́kọ́ wó, ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀, ògiri yàrá ti ń yọ ikùn. Mo kó ìyá mi wá sí Ìkòròdú. Kò janpata mọ́, kò sì sunkún. Ó lọ dúró lẹ́bàá sàréè ọkọ rẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wọ mọ́tò. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, tí àwọn ọmọ tó ń gbé lókè wa bá ń sáré, á gbójú sókè.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n tún pe ìpàdé. Bàbá, olórí àwọn àgbà, ti kú nígbà yẹn. Obìnrin ọjọ́sí ò sí níbẹ̀, àwọn ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí ni wọ́n wá, àwòrán tuntun ni wọ́n sì ta. Wọ́n ti fa ìlà náà kúrò lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe nítorí ẹ̀bẹ̀ wa o, ẹnikẹ́ni ò rántí pé a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ẹ̀yìn wa rọ̀ jù, kò lè gbé reluwé. Mo bi ọ̀kan nínú wọn nípa ọ̀dà pupa náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní a lè ha á kúrò, ilé ti di tiwa padà. Mi ò ní agbára èébú mọ́. Mo yà lọ wo ilé ọ̀hún. Ògiri iwájú nìkan ló kù lóòró, koríko ti bo ìyókù dé ara sàréè.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, kò béèrè ilé rẹ̀. Ó béèrè ibi tí ìlà náà wá gbà. Mo ní ó ń gba apá ibi tí wọ́n ti ń yà sí Èjìnrìn. Ó sáré wá fóònù rẹ̀ kiri. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń gbé níbẹ̀, Ìlàjẹ ni, opó bíi tirẹ̀, òun ló kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń yan ẹja tí kì í fọ́. Páànù ilé rẹ̀ ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń dúró kí ọjà túbọ̀ tà.

Ìyá mi pariwo sínú fóònù, "Wá káfíńtà lónìí. Má dúró de ọjà kankan. Kan páànù rẹ kí wọ́n tó gbé ọ̀dà dé."

Mo ń gbọ́ obìnrin náà tó ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Ó ní wọ́n ti wá, èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kí ọkàn ọ̀rẹ́ òun balẹ̀, ogún ọdún ni wọ́n ní, ta ló mọ ẹni tó máa wà láyé nígbà náà. Ìyá mi béèrè bóyá wọ́n ti kọ nǹkan sára ògiri. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láàárọ̀ àná, nǹkan pupa kan báyìí.

Ìyá mi kí i pé ó dàbọ̀, ó gbé fóònù sórí itan, ó sì bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wó ilé rẹ̀.