Jíìpù Tí Mo Gbé Ga

Bí mo bá gbọ́ òórùn ẹrẹ̀ tó ń jóná lára sálẹ́ńsà mọ́tò, títí di òní olónìí, inú mi máa ń dàrú. Bẹ́ẹ̀, nígbà kan rí, òórùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù láyé. Ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ Sátidé ni, pé a ti lọ a ti bọ̀, pé jíìpù mi ti wọ ibi tí ọkọ̀ ẹlòmíì kò lè wọ̀, ó sì ti jáde. Ẹni tó bá rí mi nígbà náà, níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí ẹrẹ̀ bò dé orí, tí mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò, á rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ ra mọ́tò láyé.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mí nígbà náà. Òkukù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Ìkìrun ni mò ń gbé. Fáìlì ni mò ń gbé láti orí tábìlì kan lọ sí òmíràn, kò sì sí ohun kan nínú iṣẹ́ náà tó ní kí n ra ọkọ̀ tó lè gun àpáta. Ó wọ̀ mí lójú ni. Jíìpù tòkunbọ̀ kan ni, àtijọ́, onígun mẹ́rin bí àpótí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè fi agbára ranṣẹ́ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a mọ̀, ẹsẹ̀ méjì péré ní ń fà, méjì yòókù kàn ń tẹ̀ lé wọn ni. Ti jíìpù yìí yàtọ̀: gíà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ńlá, bí o bá ti fà á, ẹsẹ̀ tó bá rì sínú ẹrẹ̀, àwọn yòókù á fà á jáde. Fóò-wíìlì ni gbogbo wa ń pè é, bí a bá sì ti pè é báyìí, àyà wa á wú.

A kò pọ̀ tí nǹkan yìí ń pa bí ọtí. Tíṣà kan wà ní Ìnísà, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo lórí ohunkóhun àyàfi táyà. Ẹnìkejì ń ta pákó ní Òkukù. Ẹ̀kẹta wọn lèmi. Ní Sátidé, a máa pàdé ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìkìrun, a ó fi òwúrọ̀ tú ohun tí kò bàjẹ́, a ó fi ọ̀sán dì í padà, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a ó lọ wá ẹrẹ̀ rì sí. Ìyàwó mi máa ń sọ pé gbogbo ayé ló ń gbàdúrà kí ìjọba tún ọ̀nà ṣe, pé àwa nìkan ni inú wa ń dùn bí ó bá bàjẹ́.

Tíṣà ló kọ́kọ́ gbé ti ẹ̀ ga. Bí mo ti rí i, oorun dá lójú mi. Mo ní kí mẹkáníìkì wá sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù, ó fi gbé ara jíìpù mi sókè. Mo ra táyà tó ga dé ìbàdí mi. Mo so iná mẹ́fà mọ́ orí rẹ̀, ní ìlú tí a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ fóònù jẹun. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé ilé àwọn òbí mi ní Ìgbàyè, bàbá mi yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ó dáa o. Àkàbà tí a ó fi máa gùn ún, ṣé ó wà nínú bùútù?" Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìdí aṣọ nu ẹrẹ̀ ara ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n gbé àwọn yíká ìlú. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń sọ fún gbogbo ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn pé mọ́tò ọmọ àwọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹrọ̀fọ̀.

Kò pẹ́ tí mo gbé e ga ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí mo bá ti sáré díẹ̀, gbogbo ìdí rẹ̀ á máa hó gbùrùgbùrù, eyín mi á máa lu ara wọn. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde wá. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀pá irin gígùn kan ló ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ iwájú, pòròpẹ́là ni wọ́n ń pè é, àti pé gíga tí a gbé ọkọ̀ ga ti mú kí ọ̀pá náà dagun, kò dúró gbọọrọ mọ́, oríkèé rẹ̀ sì ti jẹ tán.

"Ọ̀gá, ọ̀nà méjì ló wà," ó wí. "Ká sọ mọ́tò yìí kalẹ̀ padà, ká tún oríkèé ẹ̀ ṣe, tàbí ká yọ pòròpẹ́là iwájú kúrò pátápátá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yọ ọ́, epo tí ẹ̀ ń rà náà á dínkù. Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa fà o."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í. Mo ní, "Bí o bá yọ ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni á mọ̀?"

Ó ní àyàfi ẹni tó bá wọ abẹ́ mọ́tò. Mo ní kí ó yọ ọ́.

Ẹ wo irú ọgbọ́n tí mo gbọ́n. Torí pé mo fẹ́ wọ ẹrẹ̀ ni mo ṣe gbé ọkọ̀ ga, torí pé mo gbé e ga ni kò ṣe lè wọ ẹrẹ̀ mọ́, mo sì yan gíga. Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ṣùgbọ́n ta ló ráyè tẹ́tí sí àgbà nígbà tí iná mẹ́fà ń tàn lórí ọkọ̀? N kò sọ fún tíṣà, n kò sọ fún oníṣòwò pákó. Bí a bá dé ibi ẹrẹ̀, èmi ni mo máa ń wá ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀ ti le, tí mo máa fi eré wọ̀ ọ́, eré yẹn á gbé mi kọjá, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, irọ́ tí mò ń pa fún wọn, èmi alára ti gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ní àsìkò òjò, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, èmi àti tíṣà wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ìyá mi pè mí lórí fóònù láti oko. Oko ẹ̀gẹ́ àwọn òbí mi wà lẹ́yìn Ìgbàyè, ọ̀nà eléruku ní ẹ̀ẹ̀rùn, àbàtà lójò. Ohùn ìyá mi kò dúró létí mi dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

"Paramọ́lẹ̀ ti ṣán bàbá ẹ lẹ́sẹ̀ o! Ọlọ́kadà tó ń bá wa kó ẹ̀gẹ́ wà níbí, ó ní òun á gbé wọn lọ."

Mo lọgun mọ́ wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ má gbé wọn sórí ọ̀kadà o! Wọ́n á jábọ́. Ẹ dúró, mò ń bọ̀. Wákàtí kan ò ní pé tí màá fi gbé jíìpù dé iwájú ahéré."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. N kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ lásìkò yẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí di òní nìyí: n kò rántí. Mo wo jíìpù tó ga fíofío níwájú mi, mo rí ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ó jẹ́, mo sì wọ inú rẹ̀. Tíṣà fò wọlé sí ẹ̀gbẹ́ mi.

A la Ìnísà kọjá, a la Òkukù kọjá, ọ̀dà ni, eré náà dùn. A kọjá Ìgbàyè, a bọ́ sí ọ̀nà oko. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti sọ ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín ọ̀nà di ẹrẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Mo wá ẹ̀gbẹ́ líle, kò sí. Ìgbà náà ni mo rántí. Mo ranjú mọ́ ọ̀nà, mo tẹ epo, mo fi eré wọ̀ ọ́ bí mo ti ń ṣe. A dé àárín, eré náà tán.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí, ó ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Tíṣà kọjú sí mi. "Fi í sí fóò-wíìlì ná, kí lò ń dúró dè?"

Mo fa gíà kékeré náà. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tó so mọ́ ọn nísàlẹ̀, mo sì fà á. Bàbá mi wà nílẹ̀ nínú oko, oró ejò ń gun ẹsẹ̀ wọn, èmi jókòó sínú ọkọ̀, mò ń ṣe eré fún ẹnìkan kí ó má baà fi mí rẹ́rìn-ín. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò. "Ẹsẹ̀ iwájú ò yí rárá," ó wí. Mo ní bóyá nǹkan ló já báyìí báyìí. Ó wò mí. Ó yí padà, ó ń sáré lọ sí Ìgbàyè láti wá ọlọ́kadà. Èmi náà bọ́ bàtà, mo sáré gba ọ̀nà oko.

Bàbá mi wà lórí ẹní lábẹ́ igi obì. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, awọ rẹ̀ ń dán. Ìyá mi ń wo ẹ̀yìn mi, wọ́n ń wá jíìpù. "Mọ́tò ńkọ́?" Mo ní ọ̀nà ti bàjẹ́. Mo pọn bàbá mi. Wọn kò wúwo tó bí mo ti rò. Bí mo ti ń sáré, tí mò ń sunkún, tí n kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, wọ́n sọ fún mi létí pé, "Rọra. O ó ṣubú." A pàdé tíṣà àti ọlọ́kadà létí ẹrẹ̀. Ọ̀kadà tí mo ní kí wọ́n má gùn náà ló padà gbé wọn, èmi lẹ́yìn wọn, mo gbá wọn mú, a gba ẹ̀gbẹ́ jíìpù kọjá. Wọn kò sì jábọ́. Nígbà tí a fi dé ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ oró ejò ní Òṣogbo, oòrùn ti ń wọ̀. Dókítà wo ẹsẹ̀ náà, ó ní, "Ká ní ẹ tètè gbé wọn dé ni," kò sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá mi nísàlẹ̀ orúnkún.

Àwọn ará ìjọ wá kí wọn, àwọn ará oko wá. Ẹni tó bá ti béèrè ohun tó fa ìdádúró, bàbá mi kì í jẹ́ kí n la ẹnu. "Ọ̀nà ni, kì í ṣe mọ́tò," wọ́n á wí. "Ọmọ yìí sáré. Ó gbìyànjú." Mo máa ń jókòó síbẹ̀, mo máa ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ ti bá tèmi, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tíṣà kò bi mí ní ìbéèrè kankan láé, ṣùgbọ́n kò tún wá ní Sátidé mọ́. Mo ta jíìpù náà fún ẹnìkan, mo sì jẹ́ kí ó wọ abẹ́ rẹ̀ kó tó sanwó.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, n kò lè gbé irọ́ náà mọ́ra mọ́. Mo lọ sí Ìgbàyè, mo bá bàbá mi lórí àga níwájú ilé, wọ́n ń fi ọ̀bẹ dán orí ọ̀pá tí wọ́n ń tẹ̀ rìn. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, pòròpẹ́là, gíga, gíà tí mo fà lásán. Wọ́n dán ọ̀pá náà títí, wọ́n fẹ́ èérún rẹ̀ kúrò.

"Ta lo tún ti sọ ọ́ fún?"

Mo ní, "Kò sí o, Bàbá."

"Má sọ fún ìyá ẹ."

Mo rò pé èmi ni wọ́n fẹ́ bò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Wọ́n dá mi dúró.

"Ọlọ́kadà ti gbé mi jókòó lọ́jọ́ yẹn. Mo ti di ẹ̀yìn ẹ̀ mú. Ìyá ẹ ló ní kí n sọ̀ kalẹ̀, pé ọmọ òun ní ká dúró. Òun ló ní kí ọlọ́kadà máa lọ. Tó bá gbọ́ pé mọ́tò yẹn ò lè dé láéláé, kí ló fẹ́ fi ìyókù ayé ẹ̀ ṣe?"

Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ bá àwọn bu omi wá.

Bàbá mi ti lọ báyìí, àìsàn mìíràn ló mú wọn lọ, ní ọjọ́ ogbó. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkìrun. Ojú wọn kò lè ka ìwé mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ èyí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé bàbá mi dárí jì mí lọ́jọ́ náà. Bí mo ti ń dàgbà sí i, mo rí i pé wọ́n kàn gbé ẹrù náà lé mi lórí ni, torí pé èmi ló tọ́ kí n rù ú. Bí a bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, ìyá mi máa ń na ọwọ́ wá mi, wọ́n á gbé e lé orí mi. Wọ́n á ní, "Bí o ṣe pọn bàbá ẹ lọ́jọ́ tí nǹkan le, àwọn ọmọ ẹ náà á pọn ẹ́." Gbogbo ilé á dákẹ́, wọ́n á máa dúró de ohùn mi.

Mo máa ń ṣe Àmín.