Télọ̀ Tó Gbàgbé Ìbàdí Ara Rẹ̀

Ìró àkọ́kọ́ tó kù sí i létí láti kékeré ni ti ṣíbí ìyá rẹ̀ nínú ife tíì: kin, kin, kin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣúgà ṣíbí mẹ́rin ni màmá máa ń rò pọ̀. Ọmọ náà á lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa retí ìsàlẹ̀ ife tó dùn jù.

Nígbà tó yá, àtọ̀gbẹ mú màmá, ìka rẹ̀ kú. Lọ́jọ́ kan, ó rán aṣọ funfun oníbàárà kan tán, ó gbé e sókè, ẹ̀jẹ̀ ti tò sára rẹ̀ bíi bọ́tìnnì. Abẹ́rẹ́ ti gún un, kò mọ̀. Màmá da aṣọ bo ẹ̀rọ náà, kò sì jókòó sídìí rẹ̀ mọ́.

Ọmọ yẹn ló jókòó síbẹ̀ báyìí, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kí oníbàárà tó jókòó, ojú rẹ̀ ti wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ẹsẹ̀. Á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń tóbi o. Ṣé kí n fi ínǹsì méjì kún un ni?” Ṣùgbọ́n ìbàdí kan wà tí kò fi téèpù kàn rí: tiẹ̀. Bí ṣòkòtò bá ti ń fún un, á tú ojú rírán, á fa aṣọ tó fi pamọ́ sínú jáde, á tún un rán. Kò ní sọ fún ẹnì kankan. Ṣòkòtò ẹlòmíì á kìlọ̀ fún un. Tiẹ̀ ti ń purọ́ fún un láti ọdún mẹ́wàá.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ló rí i bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó dìde mú aṣọ lórí ìkọ́.

“Télọ̀, ìgbà wo lẹ yẹ ṣúgà ara yín wò gbẹ̀yìn?”

“Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún? Ara mi le koko.”

“Bí màmá yín ṣe máa ń sọ fún ìyá mi náà nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kejì, kó tó fẹnu kan nǹkan kan, ó lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì náà ló ka èsì fún un.

“Kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ ṣì lè yí padà.”

“Oògùn wo ni kí n rà?”

“Ẹsẹ̀ yín ni. Ẹ máa rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ẹ dín nǹkan dídùn kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju búrẹ́dì lọ nínú abọ́ yín. Bí ara yín bá fúyẹ́ díẹ̀, ewu náà á dín kù gan-an. Mi ò búra o, àmọ́ ọ̀nà tó dáa jù nìyẹn.”

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ránni lọ ra òwú ní ṣọ́ọ̀bù iwájú wa? Ẹ fẹ́ máa rìn?”

“Mo fẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣì máa dùn mí ni.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ìyàwó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, agolo ṣúgà ti kúrò lórí tábìlì.

Tíì náà wá rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ife. Síbẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń fi ṣíbí ro ó, kin, kin, láìsí ohun tó ń yọ́ nínú rẹ̀. Kò jáwọ́ nínú mímu ún bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí inú bí i, tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò méjì léraléra, ojú sì tì í bí olè. Àmọ́ lójoojúmọ́, ó ń fẹsẹ̀ gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà.

“Télọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ yín ti bàjẹ́ ni, tẹ́ ẹ fi ń rìn kiri?” ọ̀kan nínú wọn bi í.

“Ẹ̀rọ dáa. Ẹni tó ń lò ó ni mò ń tún ṣe.”

Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, nọ́ọ̀sì ní ṣúgà rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, kó má dúró. Nígbà tó máa délé, ọwọ́ ló fi di ṣòkòtò mú kó má bàa já bọ́.

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó fi téèpù yí ìbàdí ara rẹ̀ ká fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí inú ṣòkòtò náà síta, ó fún un wọlé, ó sì wo aṣọ tó ṣẹ́kù nínú ojú rírán, èyí tí télọ̀ kì í gé láé. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e dànù.

Ibi tó ti ń fọwọ́ rán etí ìbàdí ṣòkòtò náà ni abẹ́rẹ́ ti gún un.

“Yéè!”

Ó wo ìka náà fún ìgbà díẹ̀. Ó fi í sẹ́nu, ó nù ún gbẹ, ó rán èyí tó kù délẹ̀, ó sì fi eyín já òwú náà.